Eyín Tí Ó Ká àti Kéwú Tí A Fi Kọ́ Ọmọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fún un ní ahọ́n, ètè àti eyín kí ó lè máa fi dárúkọ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéwú ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe èyí tí àwa aáfáà máa ń fẹ́ sọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ eyín ni. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ eyín kò kan ẹ̀sìn, kí ó ní sùúrù, kí ó kà á dé òpin.

Ní àsìkò òjò ọdún 2021, a ń ti Ìjú bọ̀ wá sí Sángo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Ásárì. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò yóò mọ bí ó ti ń rí nígbà òjò: àwọn trélà tí ń kó ẹrù ilé-iṣẹ́ wọlé, tí wọ́n sì ń kó o jáde, a máa tò gbọọrọ, àwọn ọlọ́kadà a sì máa wá ọ̀nà gba àárín wọn. Nígbà tí a dé ìtòsí Ojú-Ọrẹ, táyà iwájú ọ̀kadà tí a gùn kó sínú kòtò tí omi ti bò mọ́lẹ̀. Ọlọ́kadà ṣubú sí apá kan, àwa sì fi ẹnu gbá irin ọwọ́ ọ̀kadà. Nígbà tí a dìde, gbogbo ara wa pé, àfi eyín iwájú méjì ti òkè. Ọ̀kan ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Èkejì kù díẹ̀ nídìí, wọ́n sì yọ ọ́ ní ọjọ́ kejì.

Eyín tí ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ yẹn, a fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí eyín bá yọ, orí òrùlé ni a ń jù ú sí, kò sí ẹni tí ń wẹ̀yìn wò ó. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ pé eyín àgbàlagbà tí ó bá ti ìdí bọ́ odidi, a lè dá a padà sí àyè rẹ̀ kí ó sì tún mú. Ibi funfun rẹ̀ ni kí a dì mú, kí a má ṣe fi ọwọ́ ra ìdí rẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí, kí a fi omi ṣàn án fẹ́rẹ́, kí a tì í padà sí àyè rẹ̀ tàbí kí a fi í sínú mílíìkì, kí a sì sáré dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín láàárín wákàtí kan. Ẹ kọ èyí sọ́kàn, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù àti ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà.

Ọdún méjì ni a fi rìn kiri pẹ̀lú àlàfo lẹ́nu. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí a bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, a kò bo ẹnu mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé Aáfáà ti di akáyín, a sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. A ń tu ara wa nínú pé eyín Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fara pa ní ogun Úhúdì, ní ọdún kẹta Híjírà, ta ni a sì jẹ́ tí tiwa kò fi níí ká? Ọmọ àádọ́ta ọdún ó lé ni wá, kí ni a fẹ́ fi eyín iwájú ṣe? A rò pé sùúrù ni a ń ṣe. A kò mọ̀ pé ìjáfara ló fi aṣọ sùúrù bora.

Ilé-kéwú wa kò tóbi. Àwọn ọmọ tí ń wá síbẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ọ̀tà àti Sángo, àwọn tí ń ṣe ṣíífù ọ̀sán àti ṣíífù òru, àti ọmọ àwọn tí ń tajà ní ọjà Sángo. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2023, a ń dán àwọn ọmọ wò nítorí wòlímà tí ó ń bọ̀. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ dìde láti ka Súràtul-Náàsì. Kí a tó ka Àlùkùráánì, a ó kọ́kọ́ fi Ọlọ́hun wá ìsádi kúrò lọ́wọ́ Ṣàìtánì, háráfì dháálù sì wà nínú gbólóhùn yẹn. Nígbà tí ọmọ náà dé orí dháálù, ó na ahọ́n síta, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ fùù bí ẹni tí ń fẹ́ iná. A ní kí ó tún un pè. Ó tún ṣe bákan náà. A pe ọmọ kejì, a pe ẹ̀kẹta. Gbogbo àwọn tí wọ́n wọ ilé-kéwú wa lẹ́yìn òjò ọdún 2021 ni wọ́n ń fẹ́ iná. Àwọn tí wọ́n ti wà ṣáájú ń pè é dáadáa.

A fi ìbínú béèrè pé, “Ta ni ó kọ́ yín ní irú èyí?”

Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ni, Aáfáà. Bí ẹ ṣe ń pè é nìyẹn.”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí a jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó dàgbà jù tọ̀ wá wá, ó ní, “Aáfáà, ẹ má bínú. Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ, a kò mọ bí a ó ṣe sọ ọ́ fún yín ni.” Ọ̀wọ̀ tí ọmọ náà ní fún wa ló pa á lẹ́nu mọ́. A kò sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀. Nínú ìmọ̀ tajwíìdì, háráfì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó ti ń jáde. Ṣóńṣó ahọ́n pẹ̀lú etí eyín iwájú méjì ti òkè ni a fi ń pe tháà (ث), dháálù (ذ) àti ẓáà (ظ). Etí eyín méjèèjì yìí kan náà pẹ̀lú inú ètè ìsàlẹ̀ ni a fi ń pe fáà (ف). Ìdí wọn ni ahọ́n sì ń kàn bí a bá ń pe táà (ت), dáálù (د) àti ṭáà (ط). Nítorí náà, eyín méjì péré ló ká lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n háráfì mẹ́rin ló bá wọn lọ. Nínú Fátíhà, dháálù ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà, ṣùgbọ́n ta ni ó lè kírun láìka Fátíhà? Nínú Súràtul-Fálákì, fáà àti tháà wà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èdè Yorùbá kò sì ní tháà, dháálù àti ẓáà rárá. Iṣẹ́ ńlá ni olùkọ́ ń ṣe kí ahọ́n ọmọ tó gbà wọ́n, ohun tí ọmọ bá sì rí lẹ́nu olùkọ́ ni yóò gbé lọ.

Ànábì wa fún ẹni tí kéwú ṣòro fún lẹ́nu, tí ó sì ń gbìyànjú, ní ìròyìn ayọ̀ pé ẹ̀san méjì ni yóò gbà. Ọlọ́hun kì í sì í di ẹrù lé ẹnikẹ́ni ju agbára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó mọ̀ pé ẹnu òun kò pé mọ́, tí ọ̀nà àtúnṣe wà, tí kò sì béèrè, ẹ̀san wo ni ó ń retí?

Nígbà tí a sọ pé a fẹ́ wá eyín mìíràn fi dí àlàfo náà, aáfáà kan tí a jọ ń kírun ní yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà ni. Ó rán wa létí hàdíísì tí a gbà láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Mas'ud, tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim, nínú èyí tí a ti ṣẹ́ ègún lé àwọn obìnrin tí ń la àárín eyín wọn nítorí ẹwà. Hàdíísì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó sì kan àwa Yorùbá gan-an, nítorí pé arẹwà ni a ka ẹni tí ó bá ní èjí lẹ́nu sí, àwọn kan sì ń fi irin rẹ́ eyín wọn kí wọ́n lè ní èjí tí Ọlọ́hun kò fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó la eyín tí ó pé nítorí ẹwà yàtọ̀ sí ẹni tí eyín rẹ̀ ká tí ó fẹ́ dá a padà. Sàhábà kan wà tí ń jẹ́ Arfajah ọmọ As'ad. Ó pàdánù imú rẹ̀ ní ogun Al-Kulab, kí Ìsìláàmù tó dé. Ó fi fàdákà ṣe imú mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń rùn, Ànábì sì ní kí ó fi wúrà ṣe é. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé Abu Dawud àti Tirmidhi. Bẹ́ẹ̀ sì ni wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Lórí ọ̀rọ̀ Arfajah yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ dúró lé tí wọ́n fi ní ó tọ́ kí a fi wúrà de eyín. Bí wúrà bá tọ́ nígbà tí ó di dandan, kí ni ká sọ nípa irin tí kì í ṣe wúrà? Aáfáà náà dákẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní eyín kan ń dun òun náà, kí a mú òun dání bí a bá ń lọ.

Eyín oníke tí a ń yọ wọ̀ ni a kọ́kọ́ ṣe. Owó rẹ̀ kò ga, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń lò ó tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ àlùwàlá bá ń kọ lóminú nítorí rẹ̀, kí ó fọkàn balẹ̀: ní ìlànà Imam Malik tí a ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ Yorùbá, súnnà ni fífi omi yọ ẹnu, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ike tí ó bo àjà ẹnu mú kí ohùn wa wúwo, ẹni tí ó ṣe é kò sì ṣe é kí ó bá ẹnu wa mu. Ní oṣù Rámádánì ọdún 2024, a ń fa àwọn ènìyàn nírun tàráwíìhì, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní àṣámù. Bí a ti dé orí fáà, eyín náà fò sórí ahọ́n wa. A fi ahọ́n dì í mú títí a fi sálámà. Àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn wa kò mọ̀, ṣùgbọ́n àwa mọ̀, Ọlọ́hun sì mọ̀.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, a gba Èkó lọ. Abèèrè kì í ṣìnà. Àwọn ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ńlá, bí èyí tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, UCH ní Ìbàdàn àti ti Ilé-Ifẹ̀, ni wọ́n ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín, àwọn dókítà aládàáni sì pọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí orúkọ ẹni tí yóò fọwọ́ kan ẹnu yín wà lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tí ń fi orúkọ dókítà àti dókítà eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Dókítà tí a bá, obìnrin ni, ó sì ní sùúrù. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni eyín tí a ń yọ wọ̀. Èkejì ni afárá: a ó gbẹ́ eyín tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tín-ín-rín, a ó sì gbé eyín àtọwọ́dá kọ́ wọn lórí, ṣùgbọ́n ó gba pé kí a gbẹ́ eyín tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀kẹta ni kí a fi gbòǹgbò tuntun sínú egungun. Gbòǹgbò náà dà bí ìṣó tí ó ní ìlà yíyí lára, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní súkúrù, irin titanium tí kì í dógùn-ún ni a sì fi ń ṣe é. Egungun yóò hù mọ́ ọn fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí a tó gbé eyín lé e lórí.

Ọmọ Sweden ni ẹni tí ó la ọ̀nà yìí, Per-Ingvar Brånemark. Ní ọdún 1952, ó ń ṣe ìwádìí lórí egungun ehoro, ó sì fi ohun èlò tí a fi titanium ṣe sínú rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ mọ́. Egungun ti gbà á mọ́ra. Ní ọdún 1965, ní ìlú Gothenburg, ó fi irin yìí sí ẹnu Gösta Larsson, ọkùnrin kan tí a bí pẹ̀lú àléébù ní párì. Larsson kú ní ọdún 2006, eyín náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé, a sọ ọ́ fún ọmọ kéwú wa àtijọ́ kan tí ó ń to ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà. Ó ní, “Aáfáà, iṣẹ́ tí àwa náà ń ṣe nìyẹn. Bí a bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, a ó ri bóòtì sínú kọnkéré tútù. Ẹni tí kò bá ní sùúrù kí kọnkéré gan, tí ó gbé ẹ̀rọ lé e, ẹ̀rọ náà yóò mì títí ayé.” Àlàyé yìí ni ó jẹ́ kí ó yé wa ìdí tí dókítà fi ní kí a dúró.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa níhìn-ín. Àkọ́kọ́, egungun tí kò bá ní eyín tí yóò gbé dúró a máa dín kù. Nítorí pé a ti fi ọdún mẹ́ta jáfara, egungun wa ti tín-ín-rín, dókítà sì ní àfi kí òun fi lẹ́búlẹ́bú egungun kún un. Èkejì, ẹ béèrè ohun tí a fi ṣe lẹ́búlẹ́bú náà. Ó lè ti ara aláìsàn fúnra rẹ̀ wá, ó lè ti ara ènìyàn mìíràn, màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ wá, ó sì lè jẹ́ èyí tí kò ti ara ẹ̀dá kankan wá. A béèrè, dókítà kò bínú, ó fi páálí rẹ̀ hàn wá, a sì yan èyí tí kò ti ara ẹ̀dá kankan wá. Ó tún yẹ àtọ̀gbẹ wò lára wa, ó sì béèrè bóyá a ń mu sìgá, nítorí pé àtọ̀gbẹ tí a kò kápá àti sìgá kì í jẹ́ kí egungun gba irin náà dáadáa.

Owó ni ó le jù. Owó eyín méjèèjì ju owó-oṣù wa ti ọdún kan lọ. Láti ọdún 2015 ni a ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí Hájì, ṣùgbọ́n bí náírà ti ń já wálẹ̀ ni Hájì ń sá fún wa. Ní ọdún 2024, owó rẹ̀ láti Nàìjíríà kọjá mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, ohun tí a kó jọ kò sì tó ìdajì. Ojú ń tì wá láti fọwọ́ kan owó náà. Ìyàwó wa ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó tán an. Ó ní, “Aáfáà mi, Hájì tí owó yín kò ká, Ọlọ́hun kò tíì sọ ọ́ di dandan fún yín. Àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní àṣìṣe, àwọn nìyẹn níwájú yín lójoojúmọ́.” A tọ aáfáà àgbà tí ó kọ́ wa ní kéwú lọ, wọ́n ní òdodo ni ó sọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀, wọ́n lu ihò méjì sí egungun òkè. A gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, a kò gbọ́ ìrora. Ẹ̀kọ mímu àti àmàlà ni a fi gbé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. A fi ẹni tí háráfì rẹ̀ pé ṣe lémọ́mù, ọmọ kéwú wa tí ó dàgbà jù ni ó sì ń ka kéwú síwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n gbé eyín lé e. Kí a tó dìde lórí àga, a ti pe dháálù. Dókítà ní, “Aáfáà, kí ni ẹ ń sọ?” A ní orúkọ ohun tí a wá gbà ni.

Nígbà tí a padà, a ra dígí kékeré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ní kí wọ́n máa wo ẹnu wa, kí wọ́n sì wo tiwọn. A sọ fún wọn pé àwa ni a ṣe àṣìṣe, kì í ṣe àwọn. Ó gbà tó oṣù méjì kí fífẹ́ iná tó tán lẹ́nu wọn. Ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún wa ni ó kọ́kọ́ pè é dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, ilé-iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé, ìdílé náà sì kó kúrò ní Sángo kí eyín wa tó délé. Ó gbé dháálù tí a fi ẹnu akáyín kọ́ ọ lọ. A ti pe nọ́ńbà bàbá rẹ̀ títí, kò wọlé. Ọmọ náà ń kírun lójoojúmọ́ níbi tí ó wà, bí ó bá sì dé orí dháálù inú Fátíhà, àwa ni ó ń gbọ́ lẹ́tí ara rẹ̀. Eyín wa padà. Èyí kò tíì padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín máa gbọ́ kéwú yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń ka kéwú, ẹ jókòó tì í, bí ohùn kan bá sì ṣàjèjì sí yín, ẹ wá bi wá. A kò ní bínú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, eyín tí Ọlọ́hun fún yín dára ju èyí tí a fi owó Hájì rà. Ànábì fẹ́ràn síwáákì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìnira tí yóò bá ìjọ rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí ó pa á láṣẹ ní gbogbo ìrun. Orin ata àti pákò Ìjẹ̀bú kò tíì tán lọ́jà. Ẹ fi wọ́n tọ́jú ẹnu yín. Ẹni tí ó fi gbòǹgbò irin sẹ́nu pàápàá kò bọ́ nínú ìtọ́jú, nítorí pé ẹran tí ó yí i ká lè wú, kí ó sì bàjẹ́ bí ẹnu bá dọ̀tí.

Kí Ọlọ́hun foríjì wá lórí háráfì tí a bàjẹ́ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Kí Ó rán olùkọ́ tí yóò tún tiẹ̀ ṣe sí ọmọ náà níbikíbi tí ó bá wà. Kí Ó sì fi Àlùkùráánì ṣe ọ̀ṣọ́ ẹnu gbogbo wa. Àmín.